Èéfín Ẹnu Odò

"Àdó olóró tí a kàn ń jù lásán láti inú bàálù kò wọ́n," ni Ọ̀gá Lawrence, ológun ojú omi, wí níwájú kíláàsì Ọlọ́lá ní Awoye. "Ṣùgbọ́n ẹ lè ju ogún kí ẹyọ kan tó bá ibi tí ẹ fẹ́. Èyí tí à ń darí ńkọ́? Owó ẹyọ kan á ra ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì fún gbogbo ilé àdúgbò yìí. Àmọ́ ibi tí a bá ní kó lọ, ibẹ̀ náà ló ń lọ."

Ẹnu ya gbogbo wọn. Ọ̀gá wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ibi tí àwọn olè ti ń se epo rọ̀bì. Ọlọ́lá, ẹni tí ìyìn máa ń pa bí ọtí, nawọ́ sókè.

"Ẹnu odò ìsàlẹ̀ ni, sà. Mo fojú mi rí wọn."

Èéfín dúdú ló rí lókèèrè láàárọ̀ o. Kò rí olè kankan. Ọ̀gá sàmì síbẹ̀ lórí máàpù, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́lá, orí rẹ̀ sì wú.

Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Moríkẹ́ nìkan ló bá, tó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Àǹtí, Màámi dà?"

"Wọ́n wà ní ahéré tuntun tó wà lẹ́nu odò ìsàlẹ̀ láti ìdájí, àwọn àti ìyá mẹ́fà. Ẹja pọ̀ lánàá, igi tútù ni wọ́n sì rí fi yan án. Ṣé o ò rí èéfín ni?"

Ọlọ́lá rántí àmì orí máàpù Ọ̀gá. Ó bẹ́ sínú ọkọ̀, ó wà á débi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn ológun ti ń dún ní èbúté nígbà tó kúnlẹ̀, lójú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un.

"Irọ́ ni mo pa, sà! Ẹja ni wọ́n ń yan. Màámi wà níbẹ̀!"

Ọ̀gá ṣí máàpù, ó fa igi lé àmì náà. "Bàálù wa ì bá rí èéfín gẹ́lẹ́ níbi tí o wí, ì bá sì ju àdó sí i. Ohun ìjà olówó gọbọi kì í ṣìnà, ọmọ mi. Ẹnu wa ló ń ṣìnà. O ṣeun tí o padà wá."

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja, ojú pọ́n kankan, ó ń ṣépè fún igi tútù. Ọlọ́lá dì mọ́ ọn gbágbá.

"Fi mí sílẹ̀ jàre, èéfín ń rùn lára mi."

"Ẹ jẹ́ kó máa rùn, Màámi. Mo dúpẹ́ ni."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ọlọ́run ló bá Ọlọ́lá hán tirẹ̀ kó tó balẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá rí nìkan ló ń sọ pé òun rí. Èyí tí kò rí, á ní òun kò mọ̀.