Àwọ̀n Tí Ó Kan Omi

Láti ìgbà tí wọ́n ti já àwọ̀n aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀ ní àgbàlá ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ ike ní Ọ̀gbà ni ọmọ Bọ́sẹ̀dé ti ń mí bí ẹni tí ó wà lábẹ́ omi. Ìlérí ni ọmọ náà ń jẹ́. Inú páálí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ni ó máa ń sùn sí, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá a tọ́jú rẹ̀ ní Agége.

Àwọ̀n tí ó sọnù mọ́ àwọn apẹja lọ́wọ́ sínú òkun, tàbí tí wọ́n gé dànù nígbà tí ó fàya, ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀. Wọn a sá a títí yóò fi gbẹ, wọn a já òjé ìdí rẹ̀ tí ń mú un rì, ẹ̀rọ a sì lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n egungun inú aláwọ̀ ewé yìí pọ̀ ju okùn rẹ̀ lọ.

Aládùúrà ni Bọ́sẹ̀dé. Ohun tí ó mọ̀ ni ó ṣe: ó bọ́ bàtà, ó ka Sáàmù, ó sì wọ́n omi àdúrà sára àwọ̀n náà.

Bàbá Dàwódù, apẹja àtijọ́ tí wọ́n jọ ń já òjé, rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Ìlérí, kí lo dà sí i?"

"Omi ìyè ni, Bàbá. Kí ẹ̀mí burúkú lè lọ."

"Wòlíì yín ò pẹja rí." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. "Àwọ̀n kì í mọ̀ pé ẹni tó ni òun ti lọ. Ibi tó bá ti kan omi, iṣẹ́ ló ń ṣe, á máa mú ohun tó bá ń mí. Èyí tí oòrùn ì bá pa, o tún fún un lómi mu. Ọmọ ẹ dà?"

Páálí ti ṣófo.

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán di àwọ̀ ewé, ó ń mì lẹ́lẹ́. Òjìji ẹja ń kọjá lórí páànù, ariwo ẹ̀rọ sì jìnnà, bí ìgbà tí ènìyàn ki orí bọ odò. Nínú àwọ̀n tí ó ti wú bí ikùn, Bọ́sẹ̀dé rí ìjàpá òkun, ó rí ẹja tí ojú wọn là sílẹ̀, ó sì rí ẹsẹ̀ kékeré kan tí ń ta láàárín wọn.

Ó mú ọ̀bẹ, ó ń gé ojú àwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó bá tú sílẹ̀ a lúwẹ̀ẹ́ kọjá létí rẹ̀, a tutù minimini. Ìlérí ni ó jáde kẹ́yìn. Ó wúkọ́, omi iyọ̀ dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ padà bọ̀ sípò.

"A dúpẹ́, Bàbá."

Òkìtì àwọ̀n yòókù, tí ó ga tó òrùlé, ni Dàwódù ń wò, àti ìhà Agége, níbi tí òjò àkọ́rọ̀ ti ṣú sórí ilé àwọn ọlọ́mọ. Ẹ̀kán òjò kìíní kán sórí èyí tí ó wà lókè pátápátá, àwọ̀n náà sì nara bí ẹni tí ó jí lójú oorun.