Iṣan Wo Ni Wọ́n Fẹ́ Tún Ṣe?

Láràárọ̀ ni Bọ́sẹ̀dé ń fi òrí ra ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀, Ọláyọdé, télọ̀ tó ń rán babanríga ní Sábọ́n Gàrí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú. Dókítà ní iṣan kan ló dí. Bọ́sẹ̀dé wo ọwọ́ tó rọ, ó ní iṣan ibẹ̀ náà ni.

Èdè wa jẹ̀bi díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan; èyí tí a fi ń gbé ẹrù, iṣan.

Lọ́jọ́ kan, Desmond tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì gbé ìyẹ̀fun oògùn kan wá. Ó ní stẹ́ẹ̀mù sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀, ìwòsàn ìgbàlódé tó ń tún iṣan ṣe. Kí wọ́n máa pò ó mọ́ kunu ọkà bàbà gbígbóná, kí wọ́n sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ọsibítù dúró, kó má baà pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà.

"Ọwọ́ mi ni mo fẹ́," ni Ọláyọdé wí, ẹnu rẹ̀ ṣì wúwo. Ìyàwó wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí ọkàn rẹ̀ kò ní rọ̀? Bọ́sẹ̀dé kó oògùn ọsibítù sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n.

Kò pẹ́ tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Ọláyọdé. Desmond ní iṣan ló ń jí. Orí Bọ́sẹ̀dé dàrú. Báwo ni iṣan ọwọ́ ṣe ń jí, tó wá jẹ́ pé orí ló ń fọ́? Ó bi ọmọ rẹ̀, Dárasími, tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Hausa ló fi ń dáhùn.

"Mama, wace jijiya?" Iṣan wo, ni ọmọ ń bèèrè.

Bọ́sẹ̀dé bá ránṣẹ́ pe Amudat, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní àdúgbò Gwagwarwa.

Amudat wọn ẹ̀jẹ̀ Ọláyọdé, ojú nọ́ọ̀sì náà yí padà. Ẹ̀jẹ̀ ti ru gan-an. Bọ́sẹ̀dé ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Iṣan wo ni wọ́n ní ó ń tún ṣe, mà?"

Bọ́sẹ̀dé nawọ́ sí apá ọkọ rẹ̀. Amudat gbé ọwọ́ lé orí bàbá náà.

"Ibí ni, mà. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú ọpọlọ ló dí. Ọpọlọ ló ń darí ọwọ́, òun ló fara pa."

"Ṣé irọ́ wá ni stẹ́ẹ̀mù sẹ́ẹ̀lì?"

"Kì í ṣe irọ́. Sẹ́ẹ̀lì ni nǹkan kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa. Stẹ́ẹ̀mù sẹ́ẹ̀lì lè di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí bóyá ó lè tún iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Kò tíì di oògùn tí a ń fún gbogbo èèyàn. Ohun abẹ̀mí sì ni, mà. Ẹyin tí ẹ ti sè, ṣé ó tún lè di òròmọdìẹ?"

"Kò lè dì í."

"Kí ló wá fẹ́ yè nínú kunu gbígbóná?"

Ojú ti Bọ́sẹ̀dé, inú bí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló borí.

"Ọwọ́ mi ńkọ́?" ni Ọláyọdé bèèrè.

"Mi ò lè ṣèlérí, Bàbá. Eré ìmárale tí wọ́n kọ́ yín ní ọsibítù lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láìsí oògùn, iṣan mìíràn lè dí, tàbí kó bẹ́."

Lọ́sàn-án yẹn ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n mú ìyẹ̀fun náà dání fún dókítà wò, ó sì dá Ọláyọdé padà sórí oògùn.

Nígbà tí wọ́n délé, Ọláyọdé na ọwọ́ ọ̀tún gba oògùn rẹ̀. Oògùn náà bọ́ sílẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ṣà á, ó fẹ́ fi í sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ mi orí, ó tún na ọwọ́ kan náà.

Ẹ̀yin ará wa, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí ojú ẹnìkan bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá rẹ̀ rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ tún iṣan yín ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: iṣan wo ni?