Wàrà Tí Tíṣà Ní Kí Wọ́n Má Sè

Láàárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1978, Monínúọlá, aránṣọ ní àdúgbò Adébáyọ̀ nílùú Adó-Èkìtì, gbé wàrà tútù ka sítóòfù bó ṣe máa ń ṣe. Obìnrin Fúlàní kan ló ń gbé e wá láti ọ̀nà Ìgbẹ́mọ. Àfi bí ọkọ rẹ̀, Bámgbóyè tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, ṣe yọ sí i pẹ̀lú ìwé ìròyìn òkè òkun lọ́wọ́.

"Ìyá Mosún, pa iná yẹn. Àìsàn ọpọlọ kan ń ṣe àgùntàn nílùú òyìnbó. Àgùntàn á máa gbọ̀n títí á fi kú. Wọ́n ní bó ti wù ká se ẹran rẹ̀ tó, iná kì í pa ohun tó ń fa àìsàn náà. Kí la wá ń sun kẹrosíìnì lórí wàrà sí?"

"Bàbá Mosún, ṣé wọ́n ní ó wà nínú wàrà ni?"

"Ó wà o, kò sí o, sísè ò ràn án. Pa á jàre."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Ọ̀rọ̀ náà ò wọ Monínúọlá létí, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ẹni tó kàwé jiyàn? Ó pa iná. Láti ọjọ́ náà ni Mosúnmọ́lá, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ti ń mu wàrà ní tútù.

Nígbà tó yá, ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òtútù á mú un, á máa gbọ̀n, òógùn á sì bò ó. Bí ibà náà bá lọ, á tún padà. Ìbàdí wá ń dùn ún débi pé kò lè dìde fúnra rẹ̀. Tíṣà rí i bó ṣe ń gbọ̀n, ó rántí ìwé ìròyìn rẹ̀.

"Àìsàn àgùntàn yẹn ni," ó wí. "Kò ní oògùn. Kí la fẹ́ lọ ṣe ní ọsibítù? Ká máa gbàdúrà."

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ kọ oúnjẹ pátápátá, Monínúọlá fa ìbínú yọ. "Ọmọ mi ò ní kú sí ulé yìí!" Ó gbé e pọ̀n, ó gba ọ̀nà ọsibítù lọ. Tíṣà ń sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Dókítà Akínbọ́lá béèrè ohun tí ọmọ ń jẹ àti ohun tó ń mu, ó sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, ó ní, "Ibà màlúù ni. Inú wàrà tí ẹ ò sè ló ti kó o. Ó ní oògùn, ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ jù. Ó ti wọ oríkèé ìbàdí rẹ̀."

"Dókítà, àìsàn àgùntàn ìlú òyìnbó tí wọ́n ní iná kì í pa ńkọ́?"

"Òótọ́ ni pé iná kì í pa ìyẹn, Tíṣà. Wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀, àmọ́ a ò tíì gbọ́ ẹnì kan tó mu wàrà tó sì kó o. Èyí tó wà nílé wa ńkọ́? Ibà màlúù, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìgbẹ́ gbuuru, gbogbo wọn lè wà nínú wàrà tútù, iná sì ń pa wọ́n. Nítorí ẹyọ kan tí iná ò pa, ẹ wá gba gbogbo èyí tó ń pa láàyè."

Tíṣà bú sẹ́kún. Monínúọlá ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́," ó wí, "àmọ́ ọwọ́ mi ni mo fi pa iná náà."

Abẹ́rẹ́ àti oògùn lé ibà lọ. Ìbàdí ò padà sípò. Mosúnmọ́lá ń tiro lọ sí ilé ìwé, Dókítà ò sì ṣèlérí pé yóò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ìròyìn ìbẹ̀rù bá dé, ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n: ṣé ó wà lọ́dọ̀ wa? Ṣé ó wà nínú ohun tí à ń jẹ? Ẹ se wàrà títí yóò fi hó dáadáa, ìbáà jẹ́ mímu lẹ fẹ́ mu ún tàbí ẹ fẹ́ fi ṣe nǹkan mìíràn. Bí ibà bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ ohun tó mu. Ẹ má fúnra yín dájọ́ ikú fún ọmọ tí abẹ́rẹ́ lè wò sàn.