Nùsírátù Kì Í Ṣe Ìsáǹsá

Má ṣe rò pé ọ̀mùtí ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ. Kọ́lápọ̀ kì í mutí. Kì í jalè. Oògùn kò sí lára rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, iwájú ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí o bá rí i, wàá ní kí ọmọ rẹ fìwà jọ ọ́.

Ní ọdún 1988, ó ku díẹ̀ kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ló fẹ́ dà. Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé fúngbà díẹ̀, kí olùyẹ̀wò láti yunifásítì sì wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó fún un ní máàkì. T.P. ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ kò ní gba ìwé ẹ̀rí.

Ilé ìwé kan lọ́nà Ìpájà ni wọ́n rán Kọ́lápọ̀ lọ. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ wọn.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ T.P. máa ń kọ́ lọ́dọ̀ ara wọn. Kọ́lápọ̀ lò ó. Ó sọ fún kíláàsì rẹ̀ pé: "Bí olùyẹ̀wò bá dé, tí mo bá béèrè ìbéèrè, gbogbo yín ni kí ẹ nawọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó na ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó na òsì. Mi ò ní pe ẹni tó bá na òsì." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ wọn.

Nùsírátù, ọmọbìnrin kan nínú wọn, nìkan ni kò bá ètò náà mu. Akólòlò ni. Ó mọ̀wé ju ọ̀pọ̀ wọn lọ, kì í sì í dákẹ́. Bí ohun kan kò bá yé e, á dìde, á béèrè. Ọ̀rọ̀ á há sí i lẹ́nu, kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín.

Lówùúrọ̀ tí mọ́tò olùyẹ̀wò wọ ọgbà, Kọ́lápọ̀ pe Nùsírátù sí kọ̀rọ̀.

"Lọ jókòó sẹ́yìn ilé ìwé. Bí mọ́tò yẹn bá lọ, kí o padà wá."

"Mo... mo ti kà á, sà. Mo m-mọ̀ ọ́n."

"Kí o tó sọ ọ́ tán, aago á ti lù. Lọ jàre. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Ó lọ.

Òjò ti rọ̀ púpọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ògiri ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé ìwé ti mumi yó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọmọ náà jókòó sí.

Nínú kíláàsì, ọwọ́ hù bí ewé. Olùyẹ̀wò bọ Kọ́lápọ̀ lọ́wọ́. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, wọ́n bí iṣẹ́ yìí mọ́ ọ ni." Ó fún un ní A. Bí mọ́tò rẹ̀ ṣe jáde ní géètì ni ògiri wó.

Wọ́n yọ Nùsírátù jáde. Kò mí mọ́.

Ọ̀gá ilé ìwé béèrè: "Ta ló ní kí ọmọ yìí kúrò ní kíláàsì?"

Ẹni méjì ló mọ̀. Ọ̀kan ti kú. Èkejì dáhùn: "Mi ò rí i láàárọ̀ yìí, sà. Ó jọ pé ó sá ni."

Ọ̀rọ̀ náà kúrú. Òun ni wọ́n fi sin ọmọ náà.

Ní àpéjọ òwúrọ̀, ọ̀gá dìde, ó ní, "Ẹ rí òpin ìsáǹsá." Wọ́n ń fi òkú ọmọ dẹ́rù ba ọmọ.

Ìyá rẹ̀, Mùnírátù, tó ń ta kẹrosíìnì ní àdúgbò Command lọ́nà Ìpájà níbẹ̀, wá bá Kọ́lápọ̀.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Láti Ayọ̀bọ̀ ló ti ń fẹsẹ̀ rìn wá síbí. Bí ibà mú un, á ní òun ń lọ. Ìsáǹsá ni gbogbo àdúgbò ń pè é báyìí. Ẹ sọ fún mi. Ṣé ọmọ mi sá?"

"Ẹ mú ọkàn le, màmá. Ọmọdé ni."

Obìnrin náà wò ó títí. Ó fa ìborùn bojú, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti kọ Kọ́lápọ̀. Bó bá gbọ́ ohùn akólòlò lójú títì, á yà gba ọ̀nà mìíràn.

Susanna, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe T.P., bá a nínú kíláàsì tó ṣófo lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Kọ́lá, o mà ti rù. Àbí ọbẹ̀ kò dùn mọ́ lẹ́nu rẹ?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ohun gbogbo fún un.

Susanna jókòó. Ó sún mọ́ ọn.

"O ti gbàdúrà?"

"Mò ń gbà á. Kò kọjá òrùlé."

"Kí lo ń tọrọ?"

"Kí n gbàgbé."

"Jésù ò kú kí o lè gbàgbé, Kọ́lá. Ó kú kí a lè dárí jì ọ́. O bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀, o tún ní kó fọ̀ ọ́."

"Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á gbà á."

Ibẹ̀ ni ìgbéraga rẹ̀ ti dá. Ó mọ̀ pé pẹ̀lú gbogbo ìjókòó òun ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun kò tíì mọ Ọlọ́run. Ó dojú bolẹ̀ láàárín àwọn àga. "Jésù, èmi ni mo rán an lọ síbi ikú. Èmi náà ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ṣàánú mi." Kò rí ìmọ́lẹ̀, kò gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ẹ̀rù ti tán lára rẹ̀.

Command ló gbà lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú ìsọ̀ Mùnírátù, ó sọ ọ́.

Ìyá náà kò lù ú. Kò ké. Ohun tó béèrè ni: "Ó ti kàwé ọjọ́ náà?"

"Ó ti kà á, màmá. Ó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò jẹ́ kó sọ ọ́."

"Lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti bú u."

Ó lọ. Ó sọ ọ́ ní àpéjọ, lójú gbogbo ọmọ ilé ìwé. Mùnírátù dúró lẹ́yìn, ó gbọ́. Nígbà tí Kọ́lápọ̀ parí, obìnrin náà ní, "Mo ti gbọ́. Má dé ìsọ̀ mi mọ́." Ó yí padà, ó lọ.

Yunifásítì lé Kọ́lápọ̀. Títí di òní, kò di olùkọ́. Ọlọ́run ti dárí jì í. Ìyá Nùsírátù kò tíì lè ṣe é, Kọ́lápọ̀ kò sì bá a wíjọ́. Ọkàn rẹ̀ ní àlàáfíà, ojú rẹ̀ sì ń ṣomi. Méjèèjì ló jọ ń gbé.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, mi ò bi ọ́ bóyá o ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló ń ru ẹ̀bi rẹ kiri? O mọ orúkọ rẹ̀. Ó ti wá sí ọ lọ́kàn bí o ti ń kà á.

Jésù ti ru ẹ̀bi náà lórí igi. Kò yẹ kí ẹlòmíràn tún máa rù ú. Ké pè é nísinsìnyí, níbi tí o wà. Má ṣe ọ̀rọ̀ náà lọ́ṣọ̀ọ́. Sọ ohun tí o ṣe.

Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni náà lónìí. Ó lè má dárí jì ọ́. Síbẹ̀síbẹ̀, lọ. Bó bá ṣì wà láàyè, oríire rẹ ju ti Kọ́lápọ̀ lọ.