Ìkòkò Kan Ṣoṣo

"Alásè! Ebi ń pa mí o!"

Láti yàrá ni ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin kan ti ké bẹ́ẹ̀ sí i nílé ìdáná. Ọmọbìnrin náà di ṣíbí ọbẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ fi lu èèyàn. Alásè ni wọ́n sọ ọ́ láti ìgbà tí ìyá wọn ti ríṣẹ́ sí ilé ìránṣọ tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù, tó jẹ́ pé alẹ́ ló ń tó wọlé.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin náà ò lè gbé ìkòkò kaná ni?"

"Èmi ọkùnrin? Kí wá ni ìwọ wà fún?"

Ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lára fóònù. Inú bí ọmọbìnrin náà débi pé díẹ̀ ló kù kó gé ara rẹ̀ níka dípò àlùbọ́sà. Ìdánwò àṣejáde ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí àga, òun wà nídìí iná.

Oúnjẹ sísè gan-an kò le. Ohun tó bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń jẹ: ìrẹsì, ẹ̀wà, tòmátò àti ẹja inú agolo. Ti Màmá Àgbà, ìyá ìyá wọn, ló ń kó iṣẹ́ bá a. Màmá Àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkàn rẹ̀ náà ò lágbára mọ́, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé kó jìnnà sí iyọ̀. Òfin ilé wọn ni pé bí ẹ̀wà bá ti rọ̀, kí iyọ̀ àti ẹja agolo tó wọ̀ ọ́, wọ́n á kọ́kọ́ bu ti Màmá Àgbà sínú ìkòkò kékeré, wọ́n á fi ata, àlùbọ́sà àti òróró díẹ̀ sè é lọ́tọ̀. Ìkòkò méjì ni sísè, ìkòkò méjì ni fífọ̀, alásè kan ṣoṣo.

"Ó ti sú mi!" Ó da ẹja agolo sínú ẹ̀wà tomitomi, ó bu iyọ̀ sí i, ó fọ́ amọ́bẹ̀dùn lé e. Ìgbà yẹn ló tó bu ti Màmá Àgbà. Ó ní ṣé iyọ̀ bíńtín yẹn ló máa pa èèyàn ni?

Màmá Àgbà tọ́ ọ wò, ó wo ojú ọmọ náà. Ó wá rẹ́rìn-ín.

"Alásè mi, o káre! Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ oúnjẹ tó mọ̀ pé ẹnu lòun ń wọ̀."

Yin ni, yin ni, kẹ́ni lè ṣe mìíràn. Ìkòkò kan ló sè lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i, ó kàn bu tirẹ̀ jẹ. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Màmá Àgbà wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Láàárọ̀ Sátidé, kò lè mí dáadáa. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà sì dá a dúró síbẹ̀.

Ìyá wọn ò tilẹ̀ jókòó. Ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì àdúgbò, níbi tó ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá Àgbà, ló gbà lọ tààrà, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń sáré tẹ̀ lé e.

"Olè! Oògùn ayédèrú lò ń tà fún ìyá mi!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ wo páálí ẹ̀," ni ọkùnrin náà ń wí. Ta ló fẹ́ wò ó? Àwọn èèyàn ti pé jọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n kó ọjà rẹ̀ síta, ẹlòmíràn ti ń fa oògùn lulẹ̀ lórí pẹpẹ.

Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sún mọ́ ọn létí. "Panu mọ́ o. Wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n máa dì í rù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí i nínú jù. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Iyọ̀ ni! Èmi ni mi ò bu ti Màmá Àgbà sọ́tọ̀ mọ́!"

Ẹni tó ń fa oògùn lulẹ̀ jáwọ́. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí, ọwọ́ náà dúró sókè.

"Ìwọ tí mo fi ìyá mi sí lọ́wọ́?"

"Èmi nìkan lẹ fi gbogbo nǹkan sí lọ́wọ́! Bọ̀dá ń tẹ fóònù, èmi ń sè, èmi ń fọ̀!"

"Ṣé Màmá Àgbà ló ń tẹ fóònù? Èmi àti Bọ̀dá ẹ la ṣẹ̀ ọ́, ìyá mi lo wá fi ìyà jẹ!"

Bí ó ti sọ ọ́ tán, ojú rẹ̀ bọ́ sára ọkùnrin tí oògùn rẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Òun náà ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ ọkùnrin náà, ó sì ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì bá a ṣa oògùn rẹ̀ nílẹ̀.

Màmá Àgbà ò kú, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló ń fi rìn títí dòní. Bọ̀dá ti ń sè, ọmọbìnrin náà ń kàwé. Ìyá wọn ò fi ìyẹn falẹ̀. Kí Màmá Àgbà tó kúrò ní ọsibítù, ọmọbìnrin náà lọ kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú."

"Mo kúkú mọ̀ pé iyọ̀ wà níbẹ̀," ni Màmá Àgbà dáhùn. "Ahọ́n mi ò tíì kú. Àánú mi ni mo rò pé ó ṣe ọ́, ìyẹn ni mo fi ń jẹ ẹ́ tán. Mi ò mọ̀ pé ìbínú ni."

Ọmọbìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbínú rẹ̀ tọ́ sí i, òótọ́ ni. Ibi tó gbé e lọ ni kò dára. Ẹni tó bá ṣẹ̀ yín ni kí ẹ sọ fún, kí ẹ sọ ọ́ tí yóò fi gbọ́, kí ẹ má ṣe fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹni tó fọkàn tán yín.