Sidonie Kà Á, Kò Yé E

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọ bá ti ń fọ Faransé, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Inú ń bí mi o, n kò sì ní pa á mọ́ra.

Ọdún kejì tí Dahomey gbòmìnira ni. Ní abúlé kan lọ́nà Idigny, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, Èṣùgbàyí àti ìyàwó rẹ̀ ti gbin àgbàdo tán. Irúgbìn tí ìjọba fi kamíọ̀ kó wá pín fún wọn ni wọ́n gbìn, ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú àpò. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ti tán nínú àká. Ẹ̀yin náà mọ bí àsìkò yẹn ṣe máa ń rí.

Ìyàwó bu àgbàdo náà sínú igbá, ó fajú ro.

"Bàbá Sidonie, kí ló dé tí èyí pupa báyìí? Ó tún ń rùn bí oògùn."

"Ìwé wà lára àpò," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ṣé a ò bímọ ni? Sidonie! Wá kà á fún wa."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Sidonie, kò sì sí ẹni tó ń kàwé bíi tirẹ̀ nílé-ìwé abúlé wọn. Ó dúró ṣánṣán, ó kà á ketekete:

"Semence traitée. Impropre à la consommation."

"Háà! Ẹ ò rí nǹkan!" Gbogbo ará ilé pàtẹ́wọ́. "Òyìnbó ti dé!"

"Kí ni wọ́n wá wí?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

Ọmọ náà wolẹ̀. Ó tún un kà, ó kígbe ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn níléèwé nìyẹn: bí kò bá yé ọ, pariwo rẹ̀ sí i.

Èṣùgbàyí rẹ́rìn-ín. "Ìwọ obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ tó dùn létí báyìí, ṣé ibi ló máa jẹ́? Fọ̀ ọ́, kí o sè é."

Ó fọ̀ ọ́ lóòótọ́, ó fi se ẹ̀gbo. Kò pẹ́ tí wọ́n jẹ ẹ́ tán tí gbogbo ilé ń bì. Ti Gaston, àbíkẹ́yìn wọn, ló burú jù. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí sókè. Bàbá gbé kẹ̀kẹ́, ìyá gbé ọmọ mọ́ra lẹ́yìn, wọ́n forí lé Kétu. Òtútù ń mú ọmọ náà, ni ìyá bá fa àpò àgbàdo yẹn, tí wọ́n fi tẹ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, bò ó.

Gbàdàmọ́sí, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń tọ́jú aláìsàn ní Kétu, rí àpò náà, ó figbe ta.

"Ẹ gbé e kúrò lára ọmọ! Ṣé inú rẹ̀ lẹ ti bu ohun tẹ́ ẹ jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Èṣùgbàyí wí. "Ọmọ wa ti ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó kà á dáadáa."

"Ó kà á, ẹ sì jẹ ẹ́? Wọ́n ní irúgbìn tí wọ́n fi oògùn sí ni, kò ṣeé jẹ!"

"Yéè! Mo gbé!" Ìyá káwọ́ lérí.

Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ọjọ́ kejì ni Gaston tó lajú, tó béèrè omi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà délé, Sidonie ti ju ìwé rẹ̀ sí ẹ̀yìn àká. Ó ní òun ò kàwé mọ́ láé, òun lòun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbúrò òun.

"Kí ló dé tí o ò sọ pé kò yé ọ?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Mo bi Mùsíyé, olùkọ́ wa, léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan rí. Èdè wa ni mo fi béèrè. Ó so egungun mọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín títí a fi jáde."

Ẹ gbọ́ o! Egungun ẹran, lọ́rùn ọmọ ènìyàn, nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀! Ta ló rán wa níṣẹ́ ìkà yìí?

Gbàdàmọ́sí wá wo àwọn ará ilé tó kù, òun àti Èṣùgbàyí sì mú Sidonie lọ sílé-ìwé. Ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Sidonie wa!" ni Désiré, olùkọ́ wọn, wí. "Òun ló mọ̀wé jù ní kíláàsì mi."

"Mùsíyé," ni Èṣùgbàyí wí, "ọmọ mi ka ikú sí wa létí, a pàtẹ́wọ́. Ìwé wo lẹ wá ń kọ́ ọ?"

"Bàbá, òfin ni. A kì í sọ èdè ilé níbí. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn."

"Àwọn tó ṣòfin ọ̀hún ti kẹ́rù wọn lọ!" ni Gbàdàmọ́sí fi ìbínú dá a lóhùn. "Ta lẹ tún ń bẹ̀rù? Èmi náà gbọ́ Faransé. Ẹni tó kọ́ mi, bó bá kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó, á fi nǹkan náà hàn wá, á ní ká pè é lédè wa, á ní kí oníkálukú fi ṣe gbólóhùn tirẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń kà á nínú ìwé. Bó bá kan 'impropre', bí èyí tó wà lára àpò yín, á ní, 'Ẹ ṣọ́ra, kò yẹ ni èyí ń wí.' Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ń gba ẹ̀mí là."

Désiré mú ẹfun ìkọ̀wé. Ó kọ "semence" sójú pátákó, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Sidonie, kí ni bàbá rẹ gbìn sóko?" Yorùbá ló fi bi í.

"Irúgbìn ni."

"Ohun tí èyí wí nìyẹn. Wá jókòó."

Ọmọ náà rọra wọlé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé mélòó ni egungun ọ̀hún ṣì wà lórí ìṣó, tó ń dúró de ọrùn ọmọ mìíràn?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èdè tí ọmọ gbọ́ là á yé e, kí ẹ tó ní kó kígbe rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ nǹkan sára àpò irúgbìn olóògùn, ẹ ya agbárí òkú sí i, nítorí àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ló ń lò ó. Ẹ̀yin àgbẹ̀, àgbàdo tí wọ́n pa láró, tó ń rùn bí oògùn, kì í ṣe oúnjẹ, ìyà tó wù kó jẹ yín. Fífọ̀ kì í bọ́ májèlé. Bí ẹnì kan bá ti jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kíákíá.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá kàwé fún yín, ẹ bi í pé, "Kí ló túmọ̀ sí?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má nà án, ẹ má bú u. Díẹ̀ ló kù kí Gaston kú, nítorí pé ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti sọ pé, "Kò yé mi."