Bátìrì Etí-Ehoro

"Ọ̀nì kan gbé rédíò mì lódò ẹ̀yìn Odigbo. Bátìrì tí èmi yìí ṣáàjì ló wà nínú rédíò náà o! Ìgbà tí ọdẹ á fi pa ọ̀nì yẹn, ó ti bímọ, ó ti rí ọmọọmọ. Wọ́n la ikùn ẹ̀ báyìí, rédíò ṣì ń ka ìròyìn!"

Ohun tí Pamílẹ́rìn kọ́kọ́ bá Àìná sọ nìyẹn, lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ore, nítòsí ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì Benin ti ń kérò. Bátìrì ni Àìná gbé wá fún ṣáàjì. Kò tíì kí i tán tí Pamílẹ́rìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á nítàn.

Àìná wò ó látòkè délẹ̀. "Èdè wo ni rédíò yẹn fi ń ka ìròyìn?"

"Èdè ọ̀nì ni."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Àìná. Ẹ̀rín ọ̀hún dùn débi pé jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Bí Pamílẹ́rìn ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Epo ló tán nínú jẹnẹrétọ̀.

Láti Ajue ni Àìná ti wá. Ní Ajue, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù dà bí òjò inú ọyẹ́. Bó bá dé, àwọn èèyàn á jáde síta lọ wò ó. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ibẹ̀ fi ra wọ́kí-tọ́kì tí ẹni tó bá ń lọ sóko jíjìn máa ń so mọ́ ìbàdí. Wọ́n tún ra rédíò kan tí kì í sọ̀rọ̀, gbígbọ́ nìkan ni tirẹ̀. Á máa wá ohùn kiri nínú afẹ́fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti la ẹnu lórí wọ́kí-tọ́kì nínú igbó yẹn, á dúró, á gbé ohùn onítọ̀hún síta ketekete. Àwọn ará Ajue sọ ọ́ ní Etí-Ehoro.

Pálọ̀ Bàbá Bándélé, olórí àwọn àgbẹ̀ náà, ni Etí-Ehoro ń gbé. Àìná ọmọ rẹ̀ ló ń jókòó tì í lójoojúmọ́, òun náà ló sì ń gbé bátìrì rẹ̀ àti ti àwọn wọ́kí-tọ́kì wá sí Ore.

"Gbọ́, arẹwà," ni Pamílẹ́rìn wí, "bátìrì ò yàtọ̀ sí ọmọ ọwọ́. Má gbé e sóòrùn. Bó bá ṣì gbóná, má tíì fún un lóúnjẹ. Máa fi aṣọ gbígbẹ nu ẹnu irin ẹ̀ kó má bàa dógùn-ún. Má sì yọ ọ́ lórí ṣájà títí iná pupa á fi di àwọ̀ ewé."

"Bí mo bá yọ ọ́ kó tó di àwọ̀ ewé ńkọ́?"

"Á tàn ọ́ jẹ ni. Á jí, á máa ké bí akọni, á wá kú lójijì láìdágbére."

Àìná mi orí. Gbogbo ohun tó sọ ló fi sọ́kàn, nítorí kì í ṣe ẹni tí ń fi iṣẹ́ ṣeré.

Láti ọjọ́ náà, ìfẹ́ wọlé sí Pamílẹ́rìn lára bí ìgbà tí wọ́n da epo síná. Bí Àìná bá ti ń bọ̀, á fi omi nu bẹ́ǹṣì. Àìná náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja wá fún un nínú fúláàsì. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo iná pupa ṣájà, Pamílẹ́rìn á máa pa irọ́ tó tóbi ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, Àìná á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Pámí mi," Àìná wí lọ́jọ́ kan, "ṣé o ò mọ òótọ́ sọ rárá ni?"

"Mo mọ ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ, olólùfẹ́ mi, ju bí aláìsàn ṣe fẹ́ràn oorun lọ."

Àìná fi èjìká rẹ̀ ti èjìká Pamílẹ́rìn.

Ìyọnu kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí bátìrì bá kún, ó lè gbé ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan láìrí Àìná! Lójú Pamílẹ́rìn, ọ̀sẹ̀ kan gùn ju ọ̀nà Ore sí Èkó lọ, ká ní èèyàn fi àyà wọ́ ọ. Ló bá di pé bí Àìná bá ti lọ sọ́jà lọ ra nǹkan, Pamílẹ́rìn á yọ bátìrì Etí-Ehoro nígbà tí iná ṣì pupa. Á fi ọ̀rá wé e dáadáa. Á ní, "Ó ti kún dẹ́nu, ìfẹ́ mi." Àwọn bátìrì wọ́kí-tọ́kì tó ń lọ sóko, kì í fọwọ́ kan tiwọn, ó ń jẹ́ kí wọ́n yó. Ó ní èyí tó jókòó sí pálọ̀, kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí i?

Sùlè ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń darí ọkọ̀ ní gáréèjì, ló ká a mọ́ ọn.

"Pámí, iná yìí ṣì pupa o."

"Mo mọ̀. Bó bá kún, ìgbà wo ni n óò tún rí i?"

Sùlè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá ṣíwọ́. "Wàláì, eléyìí ò dáa. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bátìrì tí o febi pa, kí ló fẹ́ gbọ́?"

"Fi mí sílẹ̀, jàre. Ìfẹ́ ni."

Nígbà tí wọ́n ń já kòkó, ẹ̀ka igi ńlá kan wó lu Bàbá Bándélé lẹ́sẹ̀ nínú oko. Ó fa wọ́kí-tọ́kì yọ ní ìbàdí, ó pe ilé. Ó tún pè é. Àìná jókòó ti Etí-Ehoro bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ Etí-Ehoro ti kú lójijì. Ó rò pé oko tòrò ni kò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ni àwọn tó ń ti oko bọ̀ tó kọsẹ̀ lára bàbá náà. Ẹsẹ̀ ọ̀hún jinná, ṣùgbọ́n kò tọ́ mọ́.

Orí Àìná ni gbogbo ilé da á lé. Ìyá rẹ̀ ní ọkùnrin Ore ló gbà á lọ́kàn tí kò fi ṣáàjì bátìrì dáadáa. Bàbá rẹ̀ kò bú u. Ó kàn wò ó láti orí ẹní, ó ní, "Mo pè ọ́, Àìná. Mo pè ọ́ títí ohùn mi fi há." Àìná ní ìbá sàn kó na òun.

Ó wá sí Ore, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún.

"Pámí, kí ni mo ṣe tí kò dáa? Mo nu ẹnu irin ẹ̀. Mi ò gbé e sóòrùn. Gbogbo ohun tí o kọ́ mi ni mo ṣe. Kí ni mo gbàgbé?"

Òótọ́ gun ọ̀fun Pamílẹ́rìn wá, ó dé ẹ̀yìn eyín. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Bátìrì ló gbó, àyànfẹ́. Ó ti gbó ju ìyá ìyá mi lọ."

Àìná kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú, ó ní, "Nígbà náà, èmi ló yẹ kí n tètè mọ̀ pé ó ti gbó." Ó padà sílé, ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Wọ́n gbé Etí-Ehoro sínú àpótí. Kò sẹ́ni tó gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́.

Láti ìgbà yẹn, àbámọ̀ ń jẹ Pamílẹ́rìn bí ikán ṣe ń jẹ òpó. Ó ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín ní gáréèjì, àmọ́ bó bá ti tan ṣájà, tí iná pupa yẹn bá ti wò ó lójú, ara rẹ̀ á tutù. Ó ṣèlérí pé òun á sọ fún Àìná. Ó ní kí òjò dá ná. Ó ní kí ẹsẹ̀ bàbá san ná. Ó ní kí àwọn ṣègbéyàwó ná.

Àìná ló bẹ bàbá rẹ̀ títí tó fi gbà pé kí wọ́n wá tọrọ òun. Nígbà tí ọjọ́ náà kù sí dẹ̀dẹ̀, Pamílẹ́rìn ra bátìrì tuntun fún Etí-Ehoro. Ó jókòó tì í láti àárọ̀. Kò kúrò níbẹ̀, kò jẹun, àfi ìgbà tí iná di àwọ̀ ewé. Ó fi ọ̀rá wé e bí ẹni ń wé ẹyin.

Òun ló ṣáájú dé Ajue. Sùlè ń kó àwọn àgbààgbà ìdílé rẹ̀ bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Pamílẹ́rìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi bátìrì lé Bàbá Bándélé lọ́wọ́.

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Ti Etí-Ehoro ni. Ó kún."

Bàbá gbé e sórí tábìlì, kò tú u. "O ṣeun. Àwọn èèyàn rẹ dà?"

"Ẹ jẹ́ n wò wọ́n, Bàbá."

Pamílẹ́rìn yí sẹ́yìn ilé ìdáná, ó fa wọ́kí-tọ́kì gáréèjì tí Sùlè yá a yọ. "Sùlè, níbo lẹ dé?"

"A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Taya ló jò. Pámí, ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Sọ kí ni?"

"Má ṣe mí báyìí. Wàláì, n kò ní bá ẹ tọrọ ọmọ wọn pẹ̀lú irọ́ yẹn lápò."

Pamílẹ́rìn mí kanlẹ̀. "Kí ni kí n wí? Pé èmi ni mò ń yọ bátìrì kó tó kún, kí n lè máa rí Àìná? Pé nítorí tèmi ni bàbá ẹ̀ fi ké títí tí kò sẹ́ni tó gbọ́? Sùlè, ojú ń tì mí. Bí mo bá fẹ́ ẹ tán, n óò fi gbogbo ayé mi tọ́jú ẹ̀. Jẹ́ kó sùn síbẹ̀."

Ó so wọ́kí-tọ́kì mọ́ ìbàdí, ó nu ojú, ó wọ ẹ̀rín bí ẹni wọ fìlà, ó padà wọ pálọ̀.

Ìyá Àìná kò gbójú sókè. Àìná dúró ti tábìlì, ọ̀rá bátìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣófo. Pamílẹ́rìn kò fura. Ẹnu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Bàbá, bátìrì tí mo gbé wá yẹn, bí èèrà bá súfèé ní Omifunfun, Etí-Ehoro á gbọ́!"

"Ó gbọ́," ni Bàbá Bándélé wí, jẹ́jẹ́. "Àìná yọ ọ́ nínú àpótí, ó fi bátìrì sí i nígbà tí o jáde."

Ohùn Sùlè bú jáde láti ìbàdí Pamílẹ́rìn, ó sì bú jáde láti orí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà: "Pámí, bí o ò bá sọ, èmi á sọ o!"

Pamílẹ́rìn wo Etí-Ehoro. Ó wo ẹsẹ̀ Bàbá tó nà síwájú tí kò tọ́. Ó wo Àìná.

"Ìwọ ni?" ni Àìná bi í.

Ó wá irọ́, kò rí. Ó wá òótọ́, ojú tì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ronú. Ó fò kọjá àga, ó fò kọjá ewúrẹ́, ó gba orí kòkó tí wọ́n sá kọjá láìtẹ ẹyọ kan, ó ki orí bọ igbó. Bàtà rẹ̀ ọ̀kan kò bá a lọ.

Kò tíì sá jìnnà tí ohùn kan sọ̀rọ̀ ní ìbàdí rẹ̀. Àìná ti mú wọ́kí-tọ́kì bàbá rẹ̀, ó ti yí i sí ìkànnì tí Etí-Ehoro dúró lé.

"Pamílẹ́rìn. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá mi. O mọ̀, o ń wò mí." Ẹkún gé e lẹ́nu. "Mo fẹ́ràn rẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ǹ bá máa wá sí Ore láìgbé bátìrì kankan lọ́wọ́. O ò kàn bi mí ni."

Pamílẹ́rìn tẹ bọ́tìnnì láti dáhùn. Ìtàn ọ̀nì kò wá. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Pamílẹ́rìn, ṣé o ń gbọ́ mi?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbàdúrà kí bátìrì kú. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ṣáàjì rẹ̀, ó sì kún dẹ́nu. Ó ń sáré lọ láàárín igi kòkó, pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan, ohùn Àìná sì ń pè é ní ìbàdí, ketekete.